Láti Agídìngbì dé Táńkì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1990, mo wà ní ilé ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìdúmágbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà. Mo wá kí i ní òpin ọ̀sẹ̀ ni. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ìbọn láti ìhà Ọbáléndé. Ó yàtọ̀ sí ìró ìbọn ọlọ́pàá tí etí wa ti mọ̀. Ó wúwo, ó sì ń mi páànù orí ilé. Àwọn ọkùnrin ilé sáré sídìí rédíò, wọ́n sì gbọ́ ohùn ṣọ́jà tó ń kéde pé àwọn ti gba ìjọba. Ìyá àgbà kò lọ sídìí rédíò. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ní kí n ti fèrèsé, ó wá wí jẹ́jẹ́ pé, "Agídìngbì tún dé nìyẹn."

Wọn kò tíì bí ìyá àgbà nígbà ogun Agídìngbì. Ẹnu ìyá ìyá tirẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ẹni tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n gbé e sá gba orí omi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ti ń tú láti ìgbà náà wá. Ó dà bí ẹni pé ìyá àgbà mọ ohun kan tí èmi tí mo ń ka ìwé ìtàn kò mọ̀: pé ohun tó ń dún ní Dodan Barracks ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà àti ohun tó wọ ọ̀sà Èkó ní ọdún 1851, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Agídìngbì ni orúkọ tí àwọn ará Èkó fún ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá Ọba Kòsọ́kọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ fi òpin sí, àti pé àwọn fẹ́ dá Akíntóyè, tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè ní ọdún 1845, padà sí ipò rẹ̀. Òwò epo pupa náà kò sì jìnnà sí ọkàn wọn. Wọ́n kọ́kọ́ wá ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, ìbọn Èkó sì lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n máa padà wá ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n bá ìlú tó ti múra. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ológun rẹ̀, tí Oṣòdì Tápà jẹ́ àgbà láàrin wọn, ti wa yàrà, wọ́n ti mọ odi sí etí omi, wọ́n ti to àgbá sẹ́yìn odi, wọ́n sì ti ri òpó igi mọ́ inú ọ̀sà kí ọkọ̀ má baà rí ọ̀nà gbà.

Méjì nínú àwọn ọkọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá ni ó yẹ kí á fọkàn sí: Bloodhound àti Teazer. Ooru omi gbígbóná ló ń gbé àwọn méjèèjì rìn, wọn kò dúró de afẹ́fẹ́. Irin ni wọ́n sì fi kan ara Bloodhound. Ẹ fi ojú inú wò ó: ohun onírin tó ń dá rìn, tó ń rú èéfín, tó ń yọ ìbọn lẹ́nu, tí àwọn ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò rí. Bí a bá mú omi kúrò lábẹ́ rẹ̀ tí a fi ilẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ló kù tí kò fi ní jẹ́ táńkì?

Àmọ́ ilẹ̀ Èkó fẹ́ jà fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹrẹ̀ abẹ́ ọ̀sà mú ọkọ̀ méjèèjì. Ibi tí Teazer há sí gan-an wà ní iwájú àgbá Èkó, ó sì di dandan kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí etí òkun lábẹ́ ọta láti pa àwọn àgbá náà lẹ́nu mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jìyà jù. Nígbà tí ogun náà fi parí, ó lé ní 10 tó kú nínú wọn, ó sì lé ní 70 tó fara gbọgbẹ́. Iye àwọn tó kú ní ìhà tiwa kò wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ju láti orí omi dá iná sí ìlú, iná náà sì ràn. Ní ọjọ́ 28, ìlú ti dá páropáro; Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba orí omi lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Akíntóyè padà sí Ìgá Ìdúngánrán, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852. Ní ọdún 1861 tí wọ́n fẹ́ gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú, wọn kò tilẹ̀ ní láti yìnbọn. Ọkọ̀ ogun Prometheus kàn dúró sínú ọ̀sà ni, kí gbogbo ènìyàn rí i.

N kò lè kọjá lórí orúkọ ogun yìí láìdúró díẹ̀. Agídìngbì, bí ìbọn ńlá ṣe ń dún ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kírìjì, ogun àwọn Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹni tí ìbọn dojú kọ ló ń fi ìró rẹ̀ sọ ogun lórúkọ. Ẹni tó dúró sẹ́yìn ìbọn ní orúkọ mìíràn fún un. Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kàn kọ ọ́ pé àwọn gba Èkó.

Orúkọ táńkì náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní wọ ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun ti wa yàrà la ilẹ̀ Faransé já, ìhà méjèèjì kò sì lè lọ síwájú mọ́. Ẹni tó bá yọrí jáde nínú yàrà, ìbọn arọ̀jò-ọta yóò gbé e lulẹ̀. Ẹni tí ìbọn bá fo, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yóò mú un. Ìṣòro tí Kòsọ́kọ́ gbé ka iwájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní etí ọ̀sà ni, àfi pé eléyìí fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùsọ̀ gùn jù ú lọ. Ó sì yẹ ká ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n ti wá ìdáhùn rẹ̀. Winston Churchill, tó jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù, ló yan ìgbìmọ̀ kan ní oṣù Kejì ọdún 1915 pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa rìn lórí ilẹ̀. Orúkọ tí ìgbìmọ̀ náà ń jẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin dípò omi, ẹ̀wọ̀n tí ń tẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ bó ti ń yí, wọ́n sì gbé ìbọn ọkọ̀ ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n tilẹ̀ pín wọn sí akọ àti abo: èyí tó gbé àgbá ni akọ, èyí tó gbé ìbọn arọ̀jò-ọta nìkan ni abo.

Kí àṣírí má baà tú, wọ́n ní táńkì omi ni àwọn ń kàn. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára. Ní Èkó títí di òní, bí o bá ní táńkì ti jò, òrùlé ni gbogbo ènìyàn yóò gbójú sókè wò. Òyìnbó fi orúkọ ohun ìpọnmi bo ohun ìpànìyàn mọ́lẹ̀, àwa sì tún orúkọ náà gbà, a dá a padà sí ìdí omi.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sójú ìjà, ní ẹ̀bá odò Somme. Nínú 49 tí wọ́n fẹ́ lò, èyí tó lé díẹ̀ ní 30 ló dé ojú ìlà ìjà. Àwọn yòókù bàjẹ́ lọ́nà tàbí kí wọ́n rì. Ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó tọ́ọ̀nù 28, kò sì yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì láàrin wọn, nínú ooru àti èéfín tó ń mú kí àwọn mìíràn dákú. N kò sọ pé ara dẹ ẹni tó wà nínú irin. Ní ọdún 1917, ẹrẹ̀ Passchendaele gbé wọn mì gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ ọ̀sà ṣe mú Teazer. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, lórí ilẹ̀ líle ní Cambrai, èyí tó lé ní 400 nínú wọn ya ìlà àwọn Jámánì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ló ń yan ohun ìjà. Àwọn baba wa mọ èyí: ẹṣin tó jẹ gàba ní pápá ọ̀dàn Ọ̀yọ́ kò ríbi sá nínú igbó, Ìbàdàn sì fi han àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840.

Níbo ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nígbà tí táńkì jáde? Ní òpin ọdún 1916 yẹn gan-an, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bá àwọn Jámánì jà. Kò sí táńkì níbẹ̀. Eṣinṣin irù ń pa ẹṣin àti màlúù, nítorí náà orí ọmọ ènìyàn ni ó ru ìbọn, ọta àti oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe ère ìrántí àwọn tó kú sí Ìdúmọ̀tà, ènìyàn méjì ni wọ́n gbẹ́: ṣọ́jà kan àti aláàárù kan. Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà ni gbogbo Èkó ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó o kúrò. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ aláàárù rí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà sì dúró níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ogun kejì, ní igbó Burma ní 1944, aláàárù kan náà ló tún ń ru ẹrù fún àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àfonífojì Kaladan.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọkọ̀ ìhámọ́ra ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní: Ferret ẹlẹ́táyà mẹ́rin àti Saladin ẹlẹ́táyà mẹ́fà tó gbé àgbá. Kì í ṣe táńkì ní èdè àwọn ológun, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò béèrè iye táyà. Àwọn Biafra fi irin bo katakata àti lọ́rì, wọ́n pè é ní Red Devil. Ó wúwo, ó lọ́ra, ọ̀kan rẹ̀ sì wà ní musíọ̀mù ogun ní Umuahia. Lẹ́yìn ogun ni Nàìjíríà tó ra táńkì gidi, T-55 láti Rọ́ṣíà ìgbà náà àti Vickers láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Èkó, a kò rí ọ̀tá láti òkèèrè tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bá jà. Ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba àti ilé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, àwọn ọmọ ogun Dimka yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Ìkòyí nínú Mercedes dúdú tí kò ní ìhámọ́ra kankan. Mo ti fi ojú ara mi rí ọkọ̀ náà ní musíọ̀mù Òníkàn, ihò ọta yí i ká. Olórí orílẹ̀-èdè tó ní ọkọ̀ ìhámọ́ra lọ́pọ̀ jókòó síta irin bíi gbogbo wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdìtẹ̀ 1990, mo gba Ọbáléndé kọjá. Ìbọn ti lu ògiri Dodan Barracks, ọkọ̀ ìhámọ́ra kan sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣọ́jà kékeré kan yọ orí lókè rẹ̀, ó ń ra àkàrà. Obìnrin tó ń tà á na abọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ṣọ́jà náà ju owó sí i láti òkè, ó sì bọ́ sínú gọ́tà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa á. Kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje ọdún 1993, nígbà tí àwọn ènìyàn tú jáde nítorí ìbò June 12 tí wọ́n wọ́gi lé, àwọn ṣọ́jà tún padà sí títì Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ìyá àgbà ti dolóògbé nígbà náà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, táńkì tuntun gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti ilẹ̀ Ṣáínà. VT-4 ni wọ́n ń pè é: ó lé ní tọ́ọ̀nù 50, àgbá rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 125, ènìyàn mẹ́ta péré ló sì ń wà á. Ìjọba ní ogun Boko Haram ní Àríwá Ìlà-Oòrùn ni wọ́n rà á fún. Ojú omi kan náà tí Bloodhound gbà wọlé ni òun náà gbà. Èkó wà lábẹ́ òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà ní ọ̀sẹ̀ náà, a ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nínú ìwé ìròyìn ni mo ti kà pé ó ti kọjá.