Ilé-ìwé Dírífìtì àti Ààbò Ojú Pópó

Ilé-ìwé dírífìtì ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ bí yóò ṣe mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀, tí ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ lọ, síbẹ̀ tí àkóso rẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti eré ìdárayá: ẹni tó fẹ́ díje tàbí tó kàn fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ ló ń sanwó kọ́ ọ. Èkejì ni ẹ̀kọ́ ìyọ̀ ọkọ̀, èyí tí àwọn ìlú oníyìnyín kan sọ di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ńsì. Àwọn tó ń polówó méjèèjì máa ń sọ pé ẹni tó bá ti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yọ̀ kò ní kó sínú ìjàǹbá bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn, òmíràn tilẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ wọn.

Ìpilẹ̀

Japan ni eré dírífìtì ti gbilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Kunimitsu Takahashi, tó ti fi alùpùpù gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé kó tó bọ́ sínú ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré wọ kọ́nà tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ á sì máa gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Keiichi Tsuchiya wò ó kọ́, ó sì gbé àṣà náà lọ sí àwọn ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ orí òkè. Fídíò rẹ̀ tí wọ́n pè ní Pluspy, tó jáde ní 1987, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ àṣà náà. Ìdíje D1 Grand Prix bẹ̀rẹ̀ ní 2000, Formula Drift ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2004. Ní 2017 ni FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ lágbàáyé, ṣe ìdíje dírífìtì tirẹ̀ ní Tokyo. Pápá Ebisu tó wà ní Fukushima ni ọ̀pọ̀ àjèjì máa ń lọ láti kọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ ìyọ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀ kò bá eré tan. Ilé-ìwé awakọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù dá sílẹ̀ ní Hendon ní 1935 wà lára àwọn tó mú un ní ọ̀kúnkúndùn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ibùdó Chiswick, níbi tí àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti máa ń kọ́ nígbà kan rí bí wọ́n ṣe lè mú bọ́ọ̀sì tó ń yọ̀ padà sípò.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà ẹ̀yìn ni dírífìtì ń fẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kó fa bíréèkì ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan bó ti ń wọ kọ́nà. Ẹni tó ti gòkè díẹ̀ á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á tẹná kí ẹ́ńjìnnì ké sókè, á wá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì kí agbára lè já táyà gbà kúrò lára ọ̀dà. Àwọn ọ̀jáfáfá tún lè ṣe é láìfọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì: wọ́n á kọ́kọ́ yí sítíárìn sí òdìkejì kọ́nà, wọ́n á sì dá a padà wéré. Ìwúwo ọkọ̀ á fì, ìdí ọkọ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ, ọ̀nà ibi tí ìdí rẹ̀ ń gbá lọ ni awakọ̀ ń yí sítíárìn sí. Ẹsẹ̀ tó wà lórí iná ló ń pinnu bí ìyọ̀ náà á ṣe gùn tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rù tó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, táyà ẹ̀yìn á ṣàdédé di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ á sì fò sí apá kejì pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọlu nǹkan. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi ń pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí pé kó má wo òpó, ibi tó fẹ́ gbà ni kó gbójú lé, torí ibi tí ojú bá wà ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé.

Ní ibùdó ààbò, irinṣẹ́ wọn yàtọ̀. Wọ́n á da omi sórí ilẹ̀ tó ń dán kó lè máa yọ̀ bí yìnyín. Àwọn ibùdó kan ní Jámánì àti Austria tún ní irin pẹrẹsẹ kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀: bí táyà ẹ̀yìn bá ti ń gorí rẹ̀, irin náà á já a sápá òsì tàbí ọ̀tún, awakọ̀ kò sì mọ èyí tó ń bọ̀. Omi á tún rú sókè láti ilẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìdínà. Swídìn ní tirẹ̀ ló ṣe férémù onítáyà kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tí olùkọ́ lè fi gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí táyà kò fi ní lè di ilẹ̀ mú mọ́.

Ìwádìí lórí ìjàǹbá

Norway sọ ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀ di dandan ní 1979. Nígbà tí Alf Glad ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrìnnà TØI gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988, ohun tó rí ya àwọn aláṣẹ lẹ́nu: láàrin àwọn ọkùnrin, ìjàǹbá orí ọ̀nà tó ń yọ̀, èyí tí ẹ̀kọ́ náà wà fún gan-an, pọ̀ sí i ni. Finland mú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé ní 1990. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Turku, lára wọn Ari Katila àti Esko Keskinen, rí i pé ìgboyà àwọn awakọ̀ tuntun ròkè, ṣùgbọ́n ìjàǹbá wọn lórí yìnyín kò dín kù.

Ìdánwò tó là á yé jù lọ ni ti Nils Petter Gregersen ní Swídìn, tó jáde ní 1996. Ó pín àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì. Ó ní kí wọ́n kọ́ apá kan bí wọ́n ṣe lè tẹ bíréèkì kí wọ́n sì yẹ ìdínà lórí ilẹ̀ yíyọ̀ dáadáa. Apá kejì, ó ní kí àwọn olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé agbára wọn kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, ìwakọ̀ wọn kò yàtọ̀ síra. Èrò wọn nípa ara wọn ló yàtọ̀: àwọn apá kìíní gbà pé àwọn mọ ọkọ̀ wà ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Láti 1999 ni Swídìn ti yí ẹ̀kọ́ náà padà, kó lè jẹ́ pé ewu ni akẹ́kọ̀ọ́ á lọ rí níbẹ̀, kì í ṣe pé kó lọ di ọ̀gá.

Kì í ṣe akọ́ṣẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1974, Allan Williams àti Brian O'Neill fi àkọsílẹ̀ àwọn tó ní láísẹ́ńsì eré ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, New York àti Texas wé ti àwọn awakọ̀ mìíràn. Àwọn onímọ̀ eré ló ní ìjàǹbá jù, àwọn náà ni wọ́n rú òfin ìrìnnà jù. A lè sọ pé ẹni tó fẹ́ràn eré ló ń lọ kọ́ eré, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló bà á jẹ́. Àtúnyẹ̀wò ẹgbẹ́ Cochrane, tó kó ìdánwò 24 jọ lórí ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi fún ẹni tó ti ní láísẹ́ńsì, kò rí ẹ̀rí pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń dín ìjàǹbá kù.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni Denmark àti Austria. Ìjàǹbá awakọ̀ tuntun dín kù ní Denmark lẹ́yìn àtúnṣe 1986, ó sì dín kù ní Austria lẹ́yìn ti 2003. Ìlú méjèèjì ló ní pápá ìyọ̀ nínú ètò wọn, àwọn tó ń ṣagbátẹrù rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí wọn. Ṣùgbọ́n Denmark tún fi ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kíyè sí ewu kún un lẹ́ẹ̀kan náà, Austria sì fi ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá àti ìwakọ̀ àyẹ̀wò kún tirẹ̀. Ó ṣòro láti sọ pé pápá ìyọ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ó ṣòro bákan náà láti sọ pé kò kópa kankan. Nípa Norway pẹ̀lú, àwọn kan gbà pé ẹni tí yìnyín ìbá dá dúró sílé tẹ́lẹ̀ ló wá ń jáde lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn ní eré sísá ló fa ìjàǹbá tó pọ̀ sí i náà. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà ṣe

Ní 1995, Bosch àti Mercedes-Benz gbé ESC jáde, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti fẹ́ yọ̀, tó sì ń tẹ bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti dá a padà, ohun tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè ṣe. Àjọ IIHS ti Amẹ́ríkà rí i pé ó dín ewu ìjàǹbá aṣekúpani tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń ní kù ní nǹkan bí ìdajì. Ó di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti oríṣi 2012, àti ní Yúróòpù ní 2014. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ná títì Nàìjíríà ti jáde nílé-iṣẹ́ kí òfin wọ̀nyí tó dé. Ní ilé-ìwé dírífìtì, pípa ni wọ́n máa ń pa ESC kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Dírífìtì ojú títì

Ní Saudi Arabia, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọkọ̀ yọ̀ lójú títì láìgbàṣẹ. Pascal Menoret kọ ìwé kan lé e lórí ní 2014. Ní South Africa, àdúgbò bíi Soweto ni yíyí ọkọ̀ bí òkòtó ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, níbi ìsìnkú àwọn jàǹdùkú. Àjọ eré ọkọ̀ ìlú náà gbà á sí eré ìdárayá ní 2014, pẹ̀lú pápá àti òfin.