Odi Àwọn Pọtogí ní Ouidah àti Àwọn tí Ó Ti Ni Ín

Bí a ti ń ṣọpẹ́ júbílì ìjọ wa ní Ṣábẹ, ó yẹ kí a rántí ilé tí àwọn Fadá Míṣọ̀n Áfíríkà ti Lyon kọ́kọ́ wọ̀ sí ní ilẹ̀ yìí. Ilé náà ni odi São João Baptista de Ajudá, tí àwọn Pọtogí kọ́ sí Ouidah ní 1721.

Orúkọ Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n òwò ẹrú ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní 1727, Ọba Agaja ti Dàhómì ṣẹ́gun Ouidah. Síbẹ̀ òwò náà kò dáwọ́ dúró. Púpọ̀ nínú àwọn tí a tà sí Brazil jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, Fadá Francesco Borghero àti Fadá Francisco Fernandez gúnlẹ̀ sí Ouidah. Fadá Louis Edde, tí ó jẹ́ ẹnìkẹta wọn, ti kú ní Freetown. Inú odi yìí ni a fi wọ́n sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rú ẹbọ Mísà, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Wọ́n bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀: àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà, tí wọ́n ti gba ìrìbọmi lọ́hùn-ún. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, orúkọ tí Yorùbá fi ń pe Ìjọ wa títí di òní.

Ní 1865, àwọn Pọtogí gba odi wọn padà, àwọn Fadá sì jáde. Faransé gba Ouidah ní 1892, ṣùgbọ́n Pọtogí kò fi ilé náà sílẹ̀. Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Dàhómì ní kí wọ́n kó jáde. Aṣojú wọn sì dáná sun ún kí ó tó lọ. A tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967. Ní 1975 ni Pọtogí tó gbà pé kì í ṣe tiwọn mọ́.

Ẹ wò ó, ará: gbogbo àwọn tí ó ní ilé náà ti lọ. Ìgbàgbọ́ tí àwọn tí a tà gbé padà wá ni ó kù. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà, nínú Mísà júbílì yìí, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún wọn, àní àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Kí Ọlọ́run fún wọn ní ìsinmi àìnípẹ̀kun. Àmín.