Orúkọ Léèsì Màmá Mi

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lónìí.

Ní 2010, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna, olú ìlú Austria, pàtẹ léèsì àwa ará Nàìjíríà fún aráyé wò. Ní 2011, àfihàn náà dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan, l'Ékòó. Kí ló kan Austria nínú léèsì wa? Ìlú Lustenau, lọ́hùn-ún, wà lára ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é ránṣẹ́ sí wa láti nǹkan bí 1960 síwájú.

Ẹ wá gbọ́ o. Léèsì ti Òyìnbó, òwú nìkan ni wọ́n fi ń hun ún. Ọ̀pọ̀ tiwa, aṣọ ni, tí ẹ̀rọ kó ọnà sí lára. Síbẹ̀, African Lace ni wọ́n pe àfihàn náà. Orúkọ tí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ pè é ló borí.

Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ ìtàn aṣọ, kó má rò pé gíláàsì àti iná ti parí iṣẹ́. Bí a bá kọ "léèsì funfun, 1977" lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, òǹwòran á kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n ní 1977 yẹn kan náà, Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, fi orúkọ léèsì olówó gọbọi kan sọ eré rẹ̀, Opera Wonyosi. Ayé owó epo ìgbà yẹn wà nínú orúkọ kan ṣoṣo.

Nígbà tí màmá tèmi papòdà ní Ṣàgámù, a pín aṣọ wọn, bí àṣà. Léèsì aláwọ̀ ewé kan kàn mí. Mo bi gbogbo ẹbí. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èmi tí mo fi nǹkan bí ogójì ọdún kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àgbà ìlú onílùú, n kò bi ìyá tó bí mi!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ń pín ẹrù. Ẹ bá màmá yín ṣí àpótí. Kí ni wọ́n ń pe èyí? Ọwọ́ ta ni wọ́n ti rà á? Òde ta ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kí ẹ so ó mọ́ aṣọ náà. Lọ́jọ́ tí Rẹ́mọ bá fẹ́ pàtẹ tirẹ̀, ìwé yẹn la ó kọ́kọ́ wá.