Ọkùnrin Tí Ó Yá Ọkọ̀ Ọlọ́kọ̀

Olè ni àwọn kan pè é. Èmi ò gbà. Robert Farquhar, ọmọ Chicago tí wọ́n bí ní 1932, ṣe sójà kó tó di ògbóǹtarìgì nínú ìṣirò ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú sánmọ̀ ń gbà.

Ní 1978, NASA fi ọkọ̀ kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sókè. ISEE-3 ni orúkọ rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ara oòrùn ló ń ṣọ́. Farquhar ló ṣírò ibi tí wọ́n gbé e sí, ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà sí ayé.

Kò pẹ́ ni ariwo Halley gbòde. Ìràwọ̀ onírù yìí ń padà bọ̀ ní 1986. Rọ́ṣíà, Japan àti àwọn ará Yúróòpù ń kan ọkọ̀ tí wọn yóò fi pàdé rẹ̀. Amẹ́ríkà olówó ní òun ò rówó! Ni Farquhar bá ní: èyí tó wà lókè yẹn ńkọ́? Bí kò bá tilẹ̀ lè bá Halley, yóò bá òmíràn tó ń jẹ́ Giacobini-Zinner.

Epo inú rẹ̀ kò tó ìrìn náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣùpá ló fi ṣe epo. Bí ọmọdé tó ń sáré bá na ọwọ́ di òpó mú, ṣebí yóò yí bìrí, yóò sì gba ọ̀nà mìíràn? Bẹ́ẹ̀ ni òṣùpá ṣe ń fa ọkọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní 1983. Lọ́jọ́ 22 Dìsẹ́ńbà, nǹkan bí 120 kìlómítà péré ló fi kọjá lórí ilẹ̀ òṣùpá. Ká ní ìṣirò yẹ̀ díẹ̀!

Ní 11 Sẹ̀tẹ́ńbà 1985, ọkọ̀ náà la ìrù ìràwọ̀ ọ̀hún kọjá. Òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ onírù láyé, ó fi bí oṣù mẹ́fà ṣáájú àwọn tó náwó rẹpẹtẹ. Àwọn onímọ̀ nípa oòrùn fárí gá. Lóòótọ́, tiwọn ni wọ́n kàn án fún, ṣùgbọ́n ó ti sìn wọ́n fọ́dún mẹ́rin.

Lẹ́yìn èyí ló darí NEAR, tó gbéra ní 1996 lọ sí Eros, òkúta gbàǹgbà kan tó gùn tó 34 kìlómítà, tó ń yí oòrùn po. Ní Dìsẹ́ńbà 1998, ẹ́ńjìnnì kú lójijì, ọkọ̀ náà ò sì fọhùn fún wákàtí 27. Ó fo Eros kọjá. Àwọn mìíràn ì bá káwọ́ lérí. Òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tún ọ̀nà ṣírò, ó sì dé ibẹ̀ ní 14 Fébúárì 2000. Kò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń balẹ̀, síbẹ̀ wọ́n rọra gbé e kalẹ̀ lórí Eros ní 12 Fébúárì 2001, ó sì ń fọhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí títí di ìgbà náà.

Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wá ńkọ́? Farquhar ti ṣírò rẹ̀ pé yóò padà sí tòsí ayé ní 2014. Ó sì padà! Àwọn olùfìfẹ́ṣiṣẹ́ kan pè é, ó dáhùn. Wọ́n fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n lè dá a dúró, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń ti epo rẹ̀ ti tán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òṣùpá kọjá lóṣù Ògọ́ọ̀sì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Farquhar kú ní Òkítóbà 2015.