Awọ, Aró àti Bàtà: Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà kan láti Ọ̀yọ́ dé Festac

"Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Àdúrà tí àwọn Yorùbá máa ń ṣe fún ọba aládé nìyí. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò ṣàkíyèsí pé bàtà ni ó tẹ̀ lé adé nínú àdúrà náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ayé àtijọ́, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ń lọ sí oko àti sí ọjà. Ọba, ìjòyè, olówó àti jagunjagun tí ń gun ẹṣin ni a sábà máa ń rí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Nítorí ìdí èyí, bàtà kì í ṣe ohun tí a fi ń sá fún ẹ̀gún nìkan. Ohun ẹ̀yẹ ni, ojú sì gbọ́dọ̀ rí i kí ó mọ̀ pé ẹni ńlá ni ó ń bọ̀. Bàtà tí àwọn ọba ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, tí a to ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà sí lára, jẹ́ ẹ̀rí èyí títí di òní.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ni ó fi pípa bàtà aláwọ láró àti ṣíṣe ọnà sí i lára ṣe iṣẹ́ àṣenajú, ìyẹn iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, kì í ṣe nítorí oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé rẹ̀ ní Festac, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, lè rò pé àṣà òkè-òkun ni òun ń kọ́. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ Yorùbá rí, ó sì ní orúkọ rere. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ni ọ̀nà tí ó gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni í, àti ohun tí ó lè dá a padà.

Ọ̀yọ́ ni ìlú tí a mọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ ọnà awọ láàárín àwọn Yorùbá. Agbára Ọ̀yọ́-Ilé dúró lórí ẹṣin, ibi tí ẹṣin bá sì ti pọ̀, iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ oníṣọ̀nà awọ. Òun ni yóò ṣe gàárì àti ìjánu. Òun ni yóò rán àkọ̀ idà, apó ọfà àti bàtà gígùn tí ẹlẹ́ṣin ń wọ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, àwọn oníṣọ̀nà bá àwọn ènìyàn wọn lọ, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ níbẹ̀. Tìmùtìmù tí àwọn ìjòyè ń jókòó lé, abẹ̀bẹ̀ aláwọ àti làbà Ṣàngó wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe.

Làbà Ṣàngó yẹ ní kíkíyèsí. Àpò ni, tí àwọn olórìṣà Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. A sábà máa ń pín ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, a ó sì fi awọ pupa, dúdú àti funfun ṣe àwòrán kan náà sí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá lè gé awọ wẹ́wẹ́, tí ó lè rán an mọ́ ara wọn láìjẹ́ kí ó ká, tí ó sì mọ bí pupa ṣe ń dúró ti funfun, kò ní fi bàtà ṣe ìṣòro.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ó ka àwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń fún awọ: dúdú, funfun, ewéko, àwọ̀ ilẹ̀ àti òféefèé. Ó jẹ́rìí pé iṣẹ́ tí ó ní iyì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú àlàyé rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò kọjá: ó ní tẹ́lẹ̀ rí, àwọn oníṣọ̀nà awọ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe awọ tí wọ́n ń lò. "Tẹ́lẹ̀ rí" ni kókó ọ̀rọ̀. Nígbà tí Johnson ń kọ̀wé, nǹkan ti ń yí padà.

Kí èyí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí "ṣíṣe awọ" jẹ́. Awọ ewúrẹ́ tútù a máa rà bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. A ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè tú, a ó sì fi ọ̀bẹ fá a mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó rẹ ẹ́ sínú omi tí a gún èso igi kan sí, igi tí àwọn Haúsá ń pè ní bagaruwa. Èso náà ní èròjà kan tí ó máa ń pan ènìyàn lẹ́nu bí obì tàbí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Tannin ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Tannin a wọ inú awọ, a dì mọ́ ọn, awọ náà kò sì ní rà mọ́. A ó wá fi òróró pa á, a ó rún un, títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ.

Lẹ́yìn èyí ni aró kàn. Pupa a máa ti inú èèpo pòròpórò ọkà bàbà jáde. A ó gún un, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó fi kán-ún sí i, nítorí kán-ún ni ó ń fa àwọ̀ náà jáde. Dúdú ní tirẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. A ó kó ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí irin, sínú omi kíkan, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, a ó sì fi omi náà ra awọ lára. Ohun ìyanu ni pé omi náà fúnra rẹ̀ kò dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí irin inú rẹ̀ bá pàdé tannin tí ó wà nínú awọ ni dídú náà yóò jáde, kò sì ní ṣí mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣe awọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aláró kí aláró tó dé. Iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pín sí méjì ni ọjà. Àwọn Haúsá ní ewúrẹ́ pupa Sókótó, tí awọ rẹ̀ dára púpọ̀, wọ́n sì ní bagaruwa lọ́pọ̀lọpọ̀. Awọ tí wọ́n ń ṣe ní Kánò àti Sókótó ni àwọn oníṣòwò ń kó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá sí Àríwá Áfíríkà, láti ibẹ̀ sì dé Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní awọ Mòrókò, bí ẹni pé Mòrókò ni a ti ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó rí i pé bàtà aláwọ wà lára ọjà tí ìlú náà ń kó ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Irú awọ yìí kan náà ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìlọrin àti Ọ̀yọ́. Ó dára, kò sì wọ́n. Oníṣọ̀nà Yorùbá rí i pé ó rọrùn láti ra awọ tí a ti pa láró ju kí ó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dúró ti ìkòkò. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ gígé àti rírán, kò mọ ṣíṣe.

Ìpínyà kejì dé ní ayé òyìnbó. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, ó sì dé Kánò ní ọdún 1911. Ọ̀nà tí ń gbé bàtà òkè-òkun wá ni ó ń gbé awọ tútù lọ. Lákòókò yìí, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ń lo ọ̀nà tuntun: ní ọdún 1884 ni Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún fífi èròjà chromium ṣe awọ. Iṣẹ́ tí tannin ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, chromium lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ẹ̀rọ ń rán bàtà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ojú gbogbo wọn sì rí bákan náà.

Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo bàtà yí padà pẹ̀lú. Orin kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé mọ̀, nínú èyí tí ìró bàtà ẹni tí ó kàwé yàtọ̀ sí ìró bàtà ẹni tí kò kàwé. Olùkọ́ tí ó bá ronú sí orin náà yóò rí ìtàn nínú rẹ̀. Láyé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, ojú ni a fi ń mọ bàtà ẹni ńlá, nítorí àwọ̀ àti ọnà ara rẹ̀. Láyé akọ̀wé, etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí pé gìgísẹ̀ líle ni ó ń dún. Bàtà tí ń dún kò nílò oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́. Kódà, àwọn kan tilẹ̀ rò pé láti ara ilé iṣẹ́ Bata ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà "bàtà". Orúkọ ìdílé Tomáš Baťa, tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Zlín ní ọdún 1894, ni Bata. Ṣe kòńgẹ́ ni ó ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò àjọ̀dún àgbáyé kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC '77. Dakar ni a ti ṣe àkọ́kọ́ ní ọdún 1966. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Àwọn tí ó kópa lé ní 15,000, láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50. Lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni ìjọba kọ́ abúlé tí a fi wọ̀ wọ́n sí. Lẹ́yìn àjọ̀dún, àwọn ará ìlú bọ́ sí àwọn ilé náà, abúlé sì di ìlú Festac. Ní Kàdúná, a ṣe ìwọ́de àwọn ẹlẹ́ṣin tí a ń pè ní Durbar. Níbẹ̀ ni àwọn àlejò ti rí ẹwà iṣẹ́ awọ ní gbangba, lára ẹṣin àti lára ẹni tí ó gùn ún: gàárì, ìjánu, àkọ̀ idà, bàtà.

Ohun tí àjọ̀dún kò lè fi hàn ni ìkòkò. Ènìyàn a máa wo gàárì tí a ti ṣe tán fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a pàtẹ́wọ́, a sì kọjá; kò sí ẹni tí yóò dúró ti awọ tí ó wà nínú omi bagaruwa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí àjọ̀dún, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, fi lè gbé iyì iṣẹ́ kan ga láìfi ìmọ̀ rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìlú Festac jogún orúkọ. Ìmọ̀ kì í bá orúkọ wá.

Níbí ni iṣẹ́ àṣenajú ti wúlò. Ẹni tí ń gbé Festac, tí ó bá fẹ́ ṣe ọnà sí bàtà gígùn lára, yóò lọ sí Mushin, níbi tí a ti ń ta awọ àti gbogbo ohun èlò bàtà. Bí ó bá ra awọ tí a fi chromium ṣe, aró inú ìgò nìkan ni yóò gbà á. Jẹ́ kí ó fi omi ìdàrọ́ ra á, kò ní dú, nítorí kò sí tannin nínú rẹ̀ tí irin lè pàdé. Èyí yóò mú kí ó béèrè ìdí. Ìbéèrè náà ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣì ń fi bagaruwa ṣe awọ ní Kánò títí di òní, yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ àti ẹni tí ń ta ọkà bàbà. Oníṣòwò kò ní àyè fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, nítorí oníbàárà ń dúró dè é. Ẹni tí kò retí owó ni ó lè fi oṣù mẹ́ta ṣe bàtà kan ṣoṣo.

Àwọn kan lè sọ pé àfiṣeré kò lè gba iṣẹ́ là, pé iṣẹ́ tí kò bọ́ ẹnì kan kò lè pẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ àṣenajú kò lè dá àwọn agbo ilé oníṣọ̀nà padà sí bí wọ́n ti wà nígbà tí ẹṣin pọ̀ ní Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ìtàn tí a ti sọ yìí fi hàn pé nígbà tí owó ṣì ń wọlé fún oníṣọ̀nà gan-an ni ìmọ̀ ìkòkò ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó nìkan kọ́ ni ó ń pa ìmọ̀ mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ́ mọ gbogbo ọ̀nà náà láti ara ewúrẹ́ dé ara bàtà.

Nítorí náà, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nínú ìdánwò pé kí ló fa ìfàsẹ́yìn iṣẹ́ ọnà awọ nílẹ̀ Yorùbá, kí ó má dúró lórí bàtà òkè-òkun nìkan. Kí ó mẹ́nu ba òpin ayé àwọn ẹlẹ́ṣin, awọ tí a ń rà láti òkè Ọya, ọkọ̀ ojú irin, àti ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọ̀làjú. Olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà wọ àwọn ọmọ lára lè bu omi ìdàrọ́ sínú àwo nínú kíláàsì, kí ó ti awọ bagaruwa kan bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i bí ó ti ń dú.