Ìwé-Ẹ̀rí àti Ẹni tí Ó Mú Un Wá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nìyí: ohun tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ máa ń kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ àti ìdánwò tí ó yege. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àbùmọ́ níbẹ̀ ní ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtàn wí.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí ti ahunṣọ. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ni ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá purọ́ pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni òun ti kọ́ iṣẹ́, kí ọjà ọjọ́ náà tó tú ni àṣírí rẹ̀ yóò tú, nítorí lágbájá kò jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó mú ìwé-ẹ̀rí wọlé. A dá Kọ́lẹ́jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown ní 1827, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ní 1876 a so ó pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà lè gba oyè yunifásítì láì wọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń dá rìn lọ sí ibi tí a kò mọ olùkọ́ ẹni tí ó ni ín. Àǹfààní ńlá ni. Ibẹ̀ náà sì ni ewu wà, nítorí ẹni tí ń kà á kò ní ẹlòmíràn tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé ju ẹni tí ó mú un wá lọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn Yaba ni a fẹ́ dúró lé lórí. Ní 1934 ni Gómìnà Donald Cameron ṣí Yaba Higher College ní Èkó. E. R. J. Hussey, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ni ó dábàá rẹ̀. Iye tí a ń gbà wọlé kò tó nǹkan, ẹ̀kọ́ náà sì jinlẹ̀. Síbẹ̀ dípúlómà tí Nàìjíríà nìkan mọ̀ ni a ń fún àwọn tí ó jáde, kì í ṣe oyè yunifásítì. A sì ti pinnu ṣáájú pé abẹ́ òyìnbó ni wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Àwọn tí ó kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni a ń pè wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀kọ́ náà.

Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kí ni ìbá wí lọ́kàn rẹ̀? “Mo ti ṣe iṣẹ́ tí ó tó ti yunifásítì, wọ́n fi ẹ̀tọ́ mi dù mí, bí mo bá kọ pé mo gba oyè, irọ́ ha ni?” Nínú gbogbo àwáwí tí a ti gbọ́ lórí ọ̀ràn yìí, èyí ni ó wúwo jù, a kò sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ará Èkó ṣe. Ní 1934 kan náà ni Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà, H. O. Davies àti àwọn mìíràn dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, èyí tí a sọ di Nigerian Youth Movement ní 1936. Ọ̀ràn kọ́lẹ́jì yìí wà lára ohun tí ó kó wọn jọ. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé ìwé Yaba kéré sí ti yunifásítì, àti pé ó yẹ kí a fún ọmọ Nàìjíríà ní èyí tí ó pé. Gbogbo agbára ẹjọ́ náà wà nínú pé a pe ìwé náà ní orúkọ rẹ̀. Bí àwọn tí ó ni ín bá ti ń fi ọwọ́ ara wọn bù kún un, ìjọba ìbá dáhùn pé ohun tí ẹ ń béèrè ti wà lọ́wọ́ yín. A kò wí pé ẹjọ́ yìí nìkan ni ó bí University College ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní 1948 a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yaba lọ síbẹ̀, oyè tí a sì ń gbà níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ ti Yunifásítì London gan-an.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá ní 1999. Salisu Buhari, Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, wí pé òun gba oyè ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Ìwé ìròyìn The News ṣe ìwádìí, yunifásítì náà sì fèsì pé kò gba oyè kankan lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú, ó ti bù kún un, nítorí òfin ìgbà náà béèrè ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù July ó fi ipò sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ààrẹ Ọbásanjọ́ dárí jì í ní 2000. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé òfin kò béèrè oyè yunifásítì lọ́wọ́ aṣojú-ṣòfin rárá. Ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti tó. Kò sí ẹni tí ó béèrè Toronto lọ́wọ́ rẹ̀! A rò pé ìtìjú ni ó ń fa irú èyí: a ti sọ ìwé di fìlà ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí kò dé e ń rò pé òun wà ní ìhòòhò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá wa kí a kọ lẹ́tà fún un. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó kù kí ó tó jáde, ó sì fẹ́ kí a kọ pé ó ti jáde. A kọ̀. Ìyá rẹ̀ wá ní alẹ́: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín náà ni. Ta ni yóò lọ wádìí rẹ̀?” Òtítọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wádìí rẹ̀. A kọ ọ́ pé ọmọ tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré ni, àti pé ẹ̀kọ́ méjì ni ó ṣẹ́kù fún un. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà á. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi kí wa dáadáa, a kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí ebi kì í ṣe ohun àfẹnusọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó padà wá. Kò tíì rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ẹ̀kọ́ méjèèjì náà tán, ó sì ní kí a tún lẹ́tà náà kọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ní láti yí padà.