Ajá àpatì: ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ kí wọ́n tó gbà á sílé

Ní Mowe, Ibafo àti Ifo, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ lójoojúmọ́, ajá tí kò lólówó kì í wọ́n. Ẹni tó ń kọ́lé á mú ajá wá kó máa bá ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ irin àti sìmẹ́ńtì. Bílé bá parí, tàbí tówó bá tán tíṣẹ́ dúró, ẹ̀ṣọ́ á lọ, ajá á ṣẹ́kù. Ayálégbé míì náà á kó ẹrù rẹ̀ lọ, á fi ajá sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ibẹ̀ ni ọmọ kan á ti ju ẹ̀bà tó ṣẹ́kù sí i. Lọ́jọ́ kejì, ajá á tún padà wá. Kó tó pé oṣù kan, ó ti lórúkọ. Inú rere ni, àmọ́ ó ní ohun tó yẹ kí òbí ṣe kí ọmọ àti ajá tó di ọ̀rẹ́.

Ajá nílé Yorùbá

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń sin ajá. Òun lọdẹ ń mú lọ sígbó, òun náà sì lẹran tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ògún. Nígbà míì, orúkọ tí wọ́n ń sọ ajá máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Lónìí, Bingo ló gbòde. Àwọn àgbà sì ní ajá tó bá rẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ajá àpatì ni èyí tí kò rẹ́ni lẹ́yìn.

Kí ló ń so ajá mọ́ èèyàn?

Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Japan fi hàn pé tí ajá àti olówó rẹ̀ bá ń wo ojú ara wọn, èròjà kan tó ń jẹ́ oxytocin máa ń pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì. Èròjà yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ láàárín ìyá àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tẹjú mọ́ ajá tí ò tíì mọ̀ yín o. Ó lè rò pé ìjà lẹ bá wá.

Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta

Báyìí ni àwọn tó ń gba ajá àpatì sílé ṣe máa ń ṣírò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rù á máa bà á. Ó lè má jẹun, ó lè sá sábẹ́ mọ́tò. Ẹ fún un níbi tó máa sùn, ẹ jẹ́ kó sinmi. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ti mọ àsìkò oúnjẹ àti ohùn ará ilé. Ìgbà yẹn sì ni ìwà rẹ̀ gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, á ti gbà pé ilé òun nìyí. Èyí tí wọ́n ti lù rí lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fi ọmọdé nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Kí ọmọ má sì fọwọ́ kàn án tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń sùn.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni àkọ́kọ́

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 èèyàn lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti pọ̀ jù. Nínú 100 èèyàn tó ń kó o, ajá ló kó o ran nǹkan bí 99. Nínú èèyàn 10 tí ajá tí wọ́n fura sí bá bù jẹ, 4 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ọmọ tó fẹ́ràn ajá jù nínú ilé ló súnmọ́ ẹnu rẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti pinnu pé ajá náà á máa gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ pe dókítà ẹran. Ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta lè gba abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n á sì máa tún un gbà. Ọdọọdún ló wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ gba káàdì, ẹ tọ́jú ẹ̀. Dókítà á tún fún un lóògùn aràn. Yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ará Mowe àti Ibafo tún lè béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ Obafemi-Owode, kí ará Ifo béèrè ní Ifo. Lọ́jọ́ 28 oṣù September, tí í ṣe àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ọ̀pọ̀ dókítà ẹran máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ajá bá géni jẹ

- Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kódà kó jẹ́ pé ó kàn họ èèyàn ni.
- Ẹ má fi ata, epo pupa tàbí irun ajá sí i.
- Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, agbára káká lẹni tó yè é fi wà.
- Tó bá ṣeé so, ẹ má pa ajá náà. Ẹ so ó, kí dókítà ẹran máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Tó bá kú tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn kíá.

Oúnjẹ àti eégbọn

Ìrẹsì tàbí ẹ̀bà tó ṣẹ́kù kò burú, àmọ́ ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú ẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè lè fọ́ kó gún ìfun rẹ̀. Tí eégbọn bá bò ó, ẹ má fi ọtapíapíà wẹ̀ ẹ́ o. Oró ni, á gba awọ ara wọlé, ó sì lè pa á.

Òfin ń kọ́?

Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ₦50, tàbí méjèèjì. Owó ọ̀hún ò tó nǹkan mọ́, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ò kéré.

Tí apá yín ò bá ká ajá mọ́, ẹ wá ẹni tó máa gbà á. Ní Èkó, àjọ bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation ń gba irú wọn là. Ẹni tó bá sì ń kó kúrò nílé, kó rí i pé ajá ti ríbi lọ kí mọ́tò ẹrù tó dé, kó má tún lọ fi í sílẹ̀ lẹ́nu géètì tó ti bá a.